Wọ́n Fọ Káráfáànù Náà, Mo Wà Nínú Rẹ̀

Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan fa téèpù ya, ńṣe ni àyà mi máa ń já. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ṣì wà.

Ọ̀gá tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìlaró ra ilé kan tó ní táyà. Káráfáànù ni wọ́n ń pè é. Àwọn òyìnbó máa ń so ó mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, wọn a sì sùn nínú rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí. Àlòkù ni tiwa. Kùtọnu ló ti wá, wọ́n fi ọkọ̀ fà á gba Ìdí-ìrókò kọjá, àwọn ará Owódé sì ń tẹ̀ lé e pé kí àwọn rí ilé tó ń rìnrìn àjò. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, erùpẹ̀ pupa ti bò ó débi pé a ò mọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá gbé e síwájú ilé. Kò sùn nínú rẹ̀ rí. Ó fẹ́ kí àlejò máa wò ó ni.

Èmi ni wọ́n ní kí n máa fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Iṣẹ́ ilé ni mo ń ṣe, mo sì ní yàrá kan lẹ́yìnkùlé. Yàrá yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní, torí màlúù ti jẹ oko wa ní Ìjóun tán, mi ò ní ibi tí mo lè padà sí. Dírẹ́bà ọ̀gá ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì, ó sì ń wá ibi tó máa mú ìyàwó rẹ̀ wá. Ó máa ń wo yàrá mi bí ẹni tó ń wo ẹran lórí àtẹ.

A rí ìwé kan nínú káráfáànù náà tó sọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Pọbẹ̀, lódìkejì bọ́dà, ni dírẹ́bà dàgbà sí, òun nìkan ló lè kà á. Ọ̀gá ní kó kà á fún mi.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní látòkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ má gun òrùlé rẹ̀ o, ẹ máa já wọlé ni. Abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́, kí ọṣẹ má baà gbẹ mọ́ ọn. Burọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ọṣẹ tí kò le. Ẹ má fi ẹ̀rọ tu omi sí i lára, ó máa wọnú ògiri. Àwọn ihò tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, kí ẹ fi ọ̀rá àti téèpù dí wọn kí ẹ tó da omi sí i.”

“Fèrèsé ńkọ́?” mo bi í.

Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú àpò. “Fèrèsé náà ni fèrèsé, ẹ̀gbọ́n. Àbí ẹ ò fọ fèrèsé rí ní Ìjóun?”

A jọ rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò kà fún mi ni pé àwọn fèrèsé yẹn kì í ṣe gíláàsì. Ike ni wọ́n, nǹkan tó bá le díẹ̀ báyìí, á ha wọ́n.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ọ̀dà títì wà lára fèrèsé iwájú, ọṣẹ ò mú un kúrò. Mo ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ mi. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tí ìdí ìkòkò rẹ̀ bá dúdú, ẹnu ni wọ́n fi máa pa á. Ìkòkò tèmi, èèyàn lè fi wo ojú. Mo kó eérú nídìí ààrò, mo pò ó mọ́ iyanrìn kíkúnná, mo sì fi kànrìnkàn ha fèrèsé náà títí apá fi ń ro mí. Dírẹ́bà dúró lẹ́nu géètì, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń wò mí.

“Ẹ tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n,” ó ní. “Ó ti ń lọ.”

Nígbà tí mo da omi sí i, ó mọ́. Nígbà tí omi gbẹ, fèrèsé náà ti funfun bí ojú tí kò ríran mọ́.

Ọ̀gá kò pariwo. Ẹni tó ń pariwo kì í bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ó fi ìka pa fèrèsé náà lára, ó sì bi dírẹ́bà bóyá ó ka ìwé yẹn fún mi. Dírẹ́bà ní òun kà á tán, òun tún un kà. Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn káráfáànù, ó tẹrí ba díẹ̀ bí ẹni tó ń gba àlejò pàtàkì.

“Màmá, ẹ wọlé. Ẹ jókòó ti fèrèsé yín. Mò ń lọ kírun Jímọ̀. Fìlà tí mo bá dé bọ̀, ẹ máa wò ó látibẹ̀. Tí ẹ bá lè sọ àwọ̀ rẹ̀, màá ṣí i fún yín.” Ó yíjú sí dírẹ́bà. “Fọ eérú yìí kúrò kí n tó dé. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ni kó o ṣe fọ̀ ọ́.”

Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó lọ. Ọwọ́ ilẹ̀kùn náà ti kán nínú láti ọ̀nà Kùtọnu, wẹ́dà sì ti fi nọ́ọ̀tì de gbogbo fèrèsé pa nítorí olè. Oòrùn ti dé àtàrí. Kò pẹ́ tí gbogbo inú ibẹ̀ fi gbóná bí ìkòkò tí wọ́n dé.

Ni mo bá gbọ́ ìró téèpù. Dírẹ́bà fà á ya, ó dí ihò tó wà lẹ́yìn fíríìjì. Ó tún fà á ya, ó dí tẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

“Àbúrò, mo wà nínú o!”

“Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Omi ò gbọdọ̀ wọlé ni.”

“Afẹ́fẹ́ ńkọ́?”

“Ìwé ò sọ ti afẹ́fẹ́.”

Ó bẹ̀rẹ̀ látòkè. Omi ń dún lórí mi bí òjò, ó ń ṣàn lójú fèrèsé níwájú ẹnu mi, ọ̀nà ọ̀fun mi sì ti gbẹ. Nígbà tó dé ibi ilẹ̀kùn, mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń dún ṣaworo bí burọ́ọ̀ṣì ti ń kàn án. Ara ilẹ̀kùn ni ọ̀gá fi í sí. Dírẹ́bà ń fọ yí i ká.

“Jọ̀ọ́, yí i.”

Ó ń fọ̀ ọ́ lọ. “Yàrá yín náà ní kọ́kọ́rọ́, ẹ̀gbọ́n.”

Ó yé mi. Ihò kékeré kan wà nílẹ̀ lábẹ́ sítóòfù, kí gáàsì tó bá jò lè rí ibi jáde. Èmi ni mo máa ń wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ yọ òwú aláǹtakùn ẹnu rẹ̀. Mo fi èékánná ṣí wáyà tó bò ó, mo tú kọ́kọ́rọ́ yàrá mi ní ìṣẹ́tí ìró, mo jù ú sísàlẹ̀. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó mú un nínú ẹrẹ̀.

“Ẹ ṣé,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ọ̀gá ló tì yín mọ́bẹ̀, kì í ṣe èmi.”

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo dojú bolẹ̀, mo fi ẹnu sí ihò náà. Mi ò gbàdúrà, mi ò sunkún. Mò ń mí ni. Afẹ́fẹ́ yẹn ń rùn, ó ń run ọṣẹ àti ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni mo fi wà láàyè.

Nígbà tí ọ̀gá dé, ó kan fèrèsé. “Màmá! Fìlà mi ńkọ́?”

Mo gbé orí sókè. Nǹkan dúdú kan ni mo rí lójú fèrèsé tó funfun bí èéfín. “Dúdú,” mo ní.

Òun àti dírẹ́bà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò dé fìlà rárá. Orí rẹ̀ ni mo rí.

Kò ṣí i nígbà yẹn. Ìgbà tí àlejò kan láti Ayétòrò ní òun fẹ́ rí inú káráfáànù ló tó ṣí i. Mo yí jáde bọ́ sínú ẹrẹ̀. Àlejò náà fo ẹsẹ̀ mi kọjá, ó wọlé, ó ní ibẹ̀ dára.

Ìyàwó dírẹ́bà ló wà ní yàrá mi báyìí. Ilé ìdáná ni mo ń sùn. Mo ṣì ń fọ káráfáànù náà ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, látòkè wá sísàlẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó rọ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń yọ kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn, màá so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ẹni tó ń hanrun nínú rẹ̀. Dírẹ́bà ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jà, ó sì wá sùn síbẹ̀. Ó fi bàtà kan há ẹnu ilẹ̀kùn kó má baà pa dé. Bàtà kan péré.

Mo wo bàtà náà títí. Mo wo yíká ilé, kò sẹ́nì kankan. Mo mú téèpù, mo fà á ya.

Híhanrun náà dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbọ́ tó fi orí sọ nǹkan nínú ibẹ̀, ó já jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lásán, ó sáré dé ẹnu géètì kó tó bojú wẹ̀yìn. Mi ò tíì dí ihò kankan. Mo kàn fà á ya ni.

“Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n,” ó ní láti òkèèrè.

Mo gbé bàtà rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, mo tilẹ̀kùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ látòkè.