Ẹṣin Tí Ò Sún Mọ́ Jẹ́jẹ́ Mọ́

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pe àbúrò mi obìnrin. Bàbá wa kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu ara ẹ̀ ló fi gba orúkọ náà. Láti àárọ̀ tó bá ti wọ ọgbà ẹṣin, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa sọ dalẹ́: "Jẹ́jẹ́. Ẹ gbé ọwọ́ yín jẹ́jẹ́. Ẹ mí jẹ́jẹ́. Nǹkan ẹlẹ́mìí ló wà lábẹ́ yín yẹn, kì í ṣe àga." Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí mò ń kó ìgbẹ́ ẹṣin níbẹ̀, mo ti gbọ́ ọ títí dé ibi pé tí mo bá ń lọ aṣọ nílé, ọwọ́ mi á kàn rọ̀ fúnra ẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Kì í ṣa èèyàn. Ọmọdé ń wá, arúgbó ń wá, ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran ń wá, ẹni tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ arọ tì wọlé ń wá. Àwọn tó kàn fẹ́ ya fọ́tò lórí ẹṣin náà ń wá, àwọn yẹn ló sì máa ń yọ ọ́ lẹ́nu jù, torí wọn kì í fẹ́ dúró.

Òfin kan ló ní, kì í sì í yẹ̀ ẹ́ fún ẹnikẹ́ni: o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹṣin àfi tí ẹṣin bá wá bá ẹ fúnra ẹ̀. Wàá wọ inú ọgbà róbótó onípákó yẹn, wàá dúró sáàárín, ọwọ́ ẹ ṣófo, kò sí nǹkan jíjẹ lápò ẹ. Wàá sọ èjìká ẹ kalẹ̀, wàá mí jáde. Tí ẹṣin bá rí i pé ara ẹ ti rọ̀, á rìn wá, á fi imú kàn ẹ́ láyà. Ìgbà yẹn la máa gbé gàárì wá. Tí ò bá wá, a jẹ́ pé tòní ò bọ́ sí i nìyẹn, lọ sílé, padà wá lọ́la. Ìyàwó ọ̀gá wa fúnra ẹ̀ dúró sínú ọgbà yẹn nígbà kan títí oòrùn fi fẹ́ sọ ọ́ di ẹran sísun. Ẹṣin ń jẹ koríko tiẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Àbúrò mi ní, "Ẹ máa lọ sílé, mà. Ẹ ti bá ẹnì kan jà kẹ́ ẹ tó wá." Òótọ́ sì ni. Ọ̀gá wa ni.

Abo ẹṣin kan wà níbẹ̀ tá à ń pè ní Màmá. Àwọ̀ eérú ni, ó ti dàgbà, ẹ̀yìn ẹ̀ ti tẹ̀ wọnú bíi bẹ́ẹ̀dì àlòkù. Òun la fi ń kọ́ ẹni tí ara ẹ̀ ò le. Tó bá ti rí àbúrò mi lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, á ti gbé orí sórí pákó ọgbà, á máa retí ẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé, "Ká ní bí ọkọ ẹ ṣe ń yọ̀ mọ́ ẹ nìyí ni, ilé yín ò bá ti kún fọ́mọ." Á rẹ́rìn-ín títí á fi di ìgbáròkó mú.

Ọkọ náà kú. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe. Ó jókòó nílé ìdáná láàárọ̀, ó ń wọ bàtà. Ó wọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò wọ ti òsì. Wọ́n ní ọkàn ẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀.

Àbúrò mi ò sunkún. Ó kí àlejò, ó fọ abọ́, a sin òkú, kò pẹ́ ó ti bọ bàtà òjò ẹ̀ wọlé iṣẹ́ padà. Àwọn èèyàn ń yìn ín. "Ẹ wo bó ṣe fara balẹ̀." Wọ́n ní ohun tó fi ń kọ́ ayé, òun náà ti kọ́ ọ. Ó gbà wọ́n gbọ́. Ó sọ fún mi, ohùn ẹ̀ tutù bí ẹní ń ka nọ́ńbà ilé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ara mi balẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó máa balẹ̀ tó báyìí."

Èmi tí mo ti kó wá sọ́dọ̀ ẹ̀, ohun tí mò ń rí yàtọ̀. Lọ́jọ́ kan mo se ìrẹsì, mo gbàgbé iyọ̀ pátápátá. Èmi tí mo sè é, mo tu ú dà nù. Òun jẹ tiẹ̀ tán, ó ní kí n ṣeun. Bàtà òsì ọkọ ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àga. Á gbálẹ̀ yí i ká lónìí, á tún gbálẹ̀ yí i ká lọ́la. Mo ní ṣé kí n gbé e kúrò. Ó ní, "Kò dí mi lọ́wọ́."

Màmá ò yìn ín ní tiẹ̀. Àárọ̀ tó kọ́kọ́ padà wọ ọgbà, ẹṣin náà wò ó, ó yí ẹ̀yìn sí i, ó lọ dúró sí igun tó jìnnà jù. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Òfin ò sì yọ tíṣà sílẹ̀: òun ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, tí ẹṣin bá wá bá a, akẹ́kọ̀ọ́ á wá tẹ̀ lé e. Báwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń dé ni wọ́n ń padà sílé. Mo ní kó fi kárọ́ọ̀tì sápò, ta ló máa mọ̀? Ó ní, "A jẹ́ pé kárọ́ọ̀tì ló wá bá nìyẹn."

Nígbà tó ṣe, ọ̀gá wa pè é. Èèyàn burúkú kọ́, àmọ́ ó ti sú u. "Tíṣà, ẹṣin yìí ti darúgbó, ó ti ń ya alágídí. Ẹnì kan fẹ́ gbà á kó máa fi fa ẹrù. Màá wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Tí ò bá wá bá yín, wọ́n á gbé e lọ."

Ẹrù. Ẹṣin tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ní, "Ó dáa, sà," ó lọ fọ búrọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Sátidé, ọ̀gá fara ti pákó ọgbà. Èmi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì mi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn ni Bàbá Káfíńtà, àgbàlagbà kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lápá òsì, tí dókítà ní kó máa gun ẹṣin kí ìbàdí ẹ̀ lè rọ̀. Àrùn náà mú ọwọ́, ó mú ẹsẹ̀, nígbà tó dé ẹnu, ẹ̀rù bà á, ó padà.

Àbúrò mi wọlé, ó dúró sáàárín. Èjìká ẹ̀ wálẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ là sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ pé. Màmá ò kúrò ní igun ẹ̀. A dúró, a dúró. Eṣinṣin nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Bàbá Káfíńtà ní, "Tíṣà mi, mí."

"Mò ń mí, Bàbá."

"Bí ẹni tó sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lo ṣe ń mí." Ó ti ilẹ̀kùn ọgbà ṣí, ó wọ́ ẹsẹ̀ wọlé tòun ti ọ̀pá ẹ̀, ó lọ dúró tì í. Ìbéèrè tí àbúrò mi máa ń bi gbogbo wọn ló bi í. "Kí ni àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ ń sọ fún ẹ?"

Àbúrò mi ní, "Kò sọ nǹkan kan."

"Ọwọ́ ẹ ńkọ́?"

"Kò sọ nǹkan kan."

"Látìgbà wo?"

"Látìgbà tó wọ bàtà ọ̀tún."

Bàbá Káfíńtà gbé ọwọ́ òsì ẹ̀ sókè pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, bí ẹni gbé ẹja. "Ṣé o rí eléyìí? Òun náà fara balẹ̀ gan-an. Ìyàwó mi gbé ìkòkò gbígbóná lé e, kò bínú, kò pariwo. Ìgbà tó ń rùn la tó mọ̀ pé ó ti jó. Ọmọ mi, èyí kọ́ ni jẹ́jẹ́."

Àbúrò mi wo ọwọ́ náà. Ó mí, mo rí i tí àyà ẹ̀ gòkè tó sì gbọ̀n. Màmá yí orí. Ó rìn wá, ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ẹsẹ̀ mìíràn, ó na imú síwájú. Ó ku díẹ̀ kó kàn án láyà. Ìgbà yẹn ni àyà àbúrò mi tún dúró pa. Ẹṣin náà fọn imú, ó yí padà sí igun ẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Mo rí i tó wá o. Tíṣà, ó wá, àbí kò wá?" Èèyàn burúkú kọ́, mo ti wí. Ọ̀nà àbáyọ ló ṣí fún àbúrò mi yẹn. Mo ń ṣẹ́jú sí i pé kó gbà bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Kò wá, sà. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Ẹṣin náà kò ṣàgídí. Gbogbo yín ń yìn mí, òun nìkan ló sọ òótọ́ fún mi. Èmi ni kẹ́ ẹ yọ kúrò nínú ọgbà."

"Ta ló máa wá kọ́ wọn?"

Bàbá Káfíńtà ní, "Ẹnu mi ò kú. Kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ di okùn ẹṣin mú, èmi á máa pariwo jẹ́jẹ́."

Èmi tí mi ò fẹ́ràn ẹṣin tó yẹn. Ọ̀gá họrí, ó wo Màmá, ó wo àbúrò mi. "Ó dáa. Kó dúró ná."

Bó ṣe di pé mò ń fa okùn nìyẹn. Àbúrò mi gba ṣọ́bìrì mi, òun ló ń kó ìgbẹ́ báyìí, ó sì ń kó o mọ́ jù mí lọ. Kò tíì sunkún. Mo ti fi iyọ̀ púpọ̀ sí ọbẹ̀ láti dán an wò. Ó jẹ ẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, á wọ inú ọgbà róbótó, ọwọ́ òfìfo, á dúró. Màmá á jẹ koríko ẹ̀. Lánàá ẹṣin náà gbé orí, ó wò ó pẹ́ títí, koríko so rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, kò sì rìn. Àbúrò mi jáde, ó mú ṣọ́bìrì.

Mo ní, "Báwo?"

Ó ní, "Kò wá." Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó dúró. "Ẹsẹ̀ mi tutù. Bàtà yìí ti ń gba omi, Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń gba omi?"

Mo ní ó ti pẹ́.