Ọkọ̀ Tí Idella Kò Jẹ́ Ká Sun

Ní Skerry Cove tiwa, orúkọ obìnrin ni wàá máa kà lókè ilẹ̀kùn bí o bá ń kọjá lójú títì. Hattie R. Little Coral. Verna. Orúkọ ọkọ̀ ẹja ni gbogbo wọn. Èmi ni Verna, bàbá mi ló fi orúkọ mi sọ ọkọ̀ rẹ̀. Bí apẹja bá kú níbí, a kì í ta ọkọ̀ rẹ̀, a kì í sì í jẹ́ kó jẹrà sétí omi. A ó wọ́ ọ lọ sí Ibi Iná, ilẹ̀ tó yọ ṣóńṣó sínú òkun níwájú pápá ẹrẹ̀ tó máa ń hàn síta tí omi òkun bá fà. A ó yọ pátákó orúkọ rẹ̀, a ó sì dáná sun ún. A ó fi ẹ̀yinná rẹ̀ se kílámù, ohun abìkarawun tí à ń wà lábẹ́ ẹrẹ̀, a ó fi bọ́tà jẹ ẹ́, a ó máa sọ gbogbo ìwà burúkú olóògbé títí ẹ̀rín á fi pa wá. Ìgbà yẹn la ó tó kan pátákó náà sókè ilẹ̀kùn ilé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún bàbá mi. Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ ká ṣe fún Lorimer ẹ̀gbọ́n mi.

Àìsàn ọkàn ló pa Lorimer nígbà òtútù. Kó tó kú, ó di ọwọ́ Idella ìyàwó rẹ̀ mú, ó ní, “Má jẹ́ kí wọ́n gé ọkọ̀ mi wẹ́wẹ́ o. Ẹ sun ún.” Idella ní òun ti gbọ́, òun máa ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wà níbẹ̀, ife tíì ló wà lọ́wọ́ mi. Idella B. ni ọkọ̀ náà ń jẹ́.

Wíwa kílámù niṣẹ́ Idella láti ọmọge. Bí omi bá ti fà, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀kì kúkúrú àti agbọ̀n rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà òtútù, ọwọ́ ẹni máa ń kú síbi iṣẹ́ yẹn, wọ́n lè gé ọ níka kó o má mọ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí ló máa bá ọ fọwọ́ ra á, á máa bi ọ́ pé, “Ṣé o ń mọ̀ ọ́n?” títí ẹ̀jẹ̀ á fi padà síbẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú Lorimer, gbogbo ara Idella ló rí bí ọwọ́ yẹn. Kò sunkún. Ó ń jẹun, ó ń fọ abọ́, ó ń dáhùn tá a bá kí i. Inú bí mi gan-an. Mo rò pé kò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi tó bẹ́ẹ̀.

Kí Lorimer tó kú ni ìjọba ti ti pápá ẹrẹ̀ náà pa. Wọ́n ní bàbà àti òjé pọ̀ jù nínú kílámù wa. Kò sẹ́ni láàárín wa tí kò mọ ẹni tó jẹ̀bi: ibi ìwakùsà bàbà tó wà lókè odò, tí wọ́n ti pa tì láti ìgbà èwe wa. Enos, bàbá arúgbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kì í tutọ́ sílẹ̀ láìkọjú sápá ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n rán ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Danika wá láti yunifásítì pé kó tọpinpin bàbà àti òjé náà dé orísun wọn, ńṣe la gbé kéèkì lọ fún un. Ó ń ti páìpù gígùn bọ inú ẹrẹ̀, ó ń fà á jáde tòun ti ẹrẹ̀ inú rẹ̀, láti ẹnu odò títí dé Ibi Iná. Idella ló ń bá a ru garawa. Lójú tèmi, ó kàn ń wá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣe ni.

Nígbà tí yìnyín yọ́, tó ku díẹ̀ ká sun ọkọ̀ Lorimer, Danika padà wá. Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn páìpù náà sórí tábìlì nínú kíṣìnì Idella, ó ti là á sí méjì. Èmi àti Enos náà wà níbẹ̀.

“Bàbà wà lẹ́nu odò lóòótọ́,” ló wí, “àmọ́ bá a ṣe ń kúrò níbẹ̀ ló ń dín kù. Nígbà tá a dé àárín pápá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bá a ṣe wá ń sún mọ́ Ibi Iná, ó tún ròkè, ó ju ti ẹnu odò lọ fíìfíì.”

Enos ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe pé o dojú ìwé ẹ dé?”

“Rárá, bàbá. Òjé náà wà níbẹ̀, òjé ò sì sí nínú òkúta ibi ìwakùsà yẹn.” Ó fi ìka kan àwọn ìlà dúdú tó wà nínú ẹrẹ̀ náà. “Èédú rèé. Ọ̀dà pupa tí ẹ fi ń kun ìdí ọkọ̀, bàbà ló wà nínú ẹ̀, kí nǹkan òkun má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀dà ayé àtijọ́, òjé ni. Igi ni iná ń jẹ, kì í jẹ àwọn yẹn. Inú eérú ni wọ́n ń kù sí, ìgbì á sì gbé wọn wọnú ẹrẹ̀.”

Enos ṣí fìlà rẹ̀. Idella na ìka sí ìlà tó wà lókè pátápátá.

“Bàbá Verna nìyí,” ó ní, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán. “Ọkọ̀ wọn la sun kẹ́yìn.”

Bàbá mi ló wà lórí tábìlì yẹn, a sì ti ń fi bọ́tà jẹ ẹ́ látọjọ́ yìí.

“Tá a bá wá sun òmíì ńkọ́?” Idella bi í.

“À á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mà. Tẹ́ ò bá sun òmíì, ẹrẹ̀ tuntun á máa bo èyí mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀.”

“Ó máa pẹ́ tó?”

Danika wò mí, ó wo Idella. “Ó máa pẹ́ gan-an. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn ọmọ tó wà níléèwé báyìí ló máa padà wa ibẹ̀.”

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ní, “Ìyàwó wa, má wulẹ̀ sọ ọ́ o.”

“Mi ò ní sun ún, Verna.”

“O ṣèlérí! Etí mi báyìí ló gbọ́ ọ.”

“Mo mọ̀.”

“Torí kílámù tó ò ní fojú rí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Mo pè é ní ọlọ́kàn òkúta. Mo ní ká ní òun ló kú ni, Lorimer kò ní ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo jáde, mo gbá ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, mi ò sì kí i mọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ṣọ́ọ̀bù, níbikíbi.

Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin gbé ọkọ̀ akẹ́rù àti ayùn ẹlẹ́ńjìnnì wá. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnì mi. Mo rí i tí wọ́n gé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi láti imú dé ìdí. Idella dúró tì wọ́n, ó ń nawọ́ síbi tí ìṣó wà kó má bàa ṣẹ́ ayùn wọn. Wọ́n kó igi náà lọ síbi tí wọ́n ti ń bo irú rẹ̀ mọ́lẹ̀, jìnnà sómi. Nígbà tí wọ́n lọ, kò wọlé. Ó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ etí omi, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ń ṣa èépá ọ̀dà pupa sínú àpò bí ẹni ń ṣa ìrẹsì. Ó ṣa á títí omi fi kún dé orúnkún rẹ̀. Ojú tì mí. Mo mú òòlù àti ìṣó, mo lọ bá a nílé.

Pátákó náà fara ti ògiri kíṣìnì.

“A ò sun ún,” ó ní. “Kò tọ́ ká kàn án.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni. Ìdílé yín.”

“Èmi nìkan ló kù nínú ìdílé ọ̀hún. Gbé e dúró jàre.”

Ó gbé e dúró, mo kàn án. A bọ́ sẹ́yìn lójú ọ̀nà, a ń wò ó.

“Ó wọ́,” ó ní.

“Ẹni tó ni ín náà wọ́.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò yọrí. Ó ń ka pátákó náà bí ẹni tí kò rí i rí. “Idella B. Àwọn tó ń kọjá á rò pé èmi ni mo kú.” Ó yíjú sí mi. “Irọ́ kọ́ ni wọ́n máa pa, Verna.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù, ọ̀dà pupa kún abẹ́ èékánná rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tèmi méjèèjì ra á, bá a ṣe ń ṣe ní pápá ẹrẹ̀.

“Ṣé o ń mọ̀ ọ́n?” mo bi í.

“Kò tíì,” ó ní. “Máa ṣe é lọ.”