Èémí Tí Constant Sé

Jẹ̀mílátù kò fẹ́ràn òkun rí. Ẹ̀san ló ń wá tó fi di òmùwẹ̀, èmi Ọláṣùpọ̀ tí mò ń wa ọkọ̀ ojú omi kékeré fún un kò sì ní bò ó fún yín.

Ọmọ oníṣòwò aṣọ ni, ní àdúgbò Gbossimé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Yẹ̀kínì, ló kọ́kọ́ fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ́ omi, kí ó máa ha ìdọ̀tí ara àwọn ọkọ̀ ńláńlá ní pọ́ọ̀tù. Ó lọ bá Constant, ará Atakpamé kan tó ń kọ́ àwọn òmùwẹ̀. Constant ní kí ó ri orí bọ omi létíkun, kí ó sé èémí. Yẹ̀kínì sé e títí àwọn tó ń wòran fi pariwo. Constant pàtẹ́wọ́, ó ní òmùwẹ̀ ti dé, ó sì buwọ́ lu káàdì tó fún un láṣẹ iṣẹ́ abẹ́ omi lórí iyanrìn níbẹ̀. Kò mú un dé ìsàlẹ̀ omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Olùkọ́ radaràda! Apẹja tó ń rì sómi láìní ìgò afẹ́fẹ́ ni sísé èémí wúlò fún. Ẹni tó ń mí láti inú ìgò afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ sé èémí láé, torí bí ó bá ṣe ń gòkè bọ̀ ni afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á máa fẹ̀, títí yóò fi bẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ òmùwẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rù ba Yẹ̀kínì nísàlẹ̀ omi, ó sé èémí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe yìn ín fún un, ó sì sáré gòkè. Ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí mo fà á sínú ọkọ̀. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Constant wá kí wọn nílé. Ó mu omi tútù tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Jẹ̀mílátù gbọ́ ọ. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ iṣẹ́ náà, títí ó fi di ẹni tó ń dán àwọn olùkọ́ wò. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ tún ìdánwò ṣe. Ọ̀rẹ́ Constant kan ló ti máa ń buwọ́ lu ìwé ìdánwò fún un láìwọ omi, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ náà ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè.

Constant dé lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ikùn ṣíwájú, ẹ̀rín tẹ̀ lé e.

"Bonjour, ọmọ mi! Ìwọ kúkú mọ̀ mí. Buwọ́ lù ú, kí n máa lọ."

"Ẹ wọ omi, Monsieur Constant," ni Jẹ̀mílátù wí. "Mítà mẹ́wàá. Ẹ ó yọ awò ojú yín, ẹ ó tún un wọ̀, ẹ ó sì máa tú èémí sílẹ̀ títí ẹ ó fi gòkè."

Wọ́n jọ wọ inú omi. Kí n má parọ́, mo gbàdúrà pé kí Constant má padà wá.

Jẹ̀mílátù ló sọ ìyókù fún mi. Bí Constant ṣe yọ awò, omi wọ imú rẹ̀, jìnnìjìnnì bò ó. Ó pa ẹnu dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó ta kìjí sókè. Jẹ̀mílátù gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Kí ó ṣáà jọ̀wọ́ rẹ̀ ló kù, kí Constant kú bí Yẹ̀kínì ṣe kú. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó dì í mú, ó ń gbá a níkùn títí èémí fi tú jáde. Ìfóòfó náà ni mo kọ́kọ́ rí lójú omi, kí orí àwọn méjèèjì tó yọ.

Constant ń bì sétí ọkọ̀. Mo rọra bi Jẹ̀mílátù pé, "Kí ló dé tó o fi dì í mú?"

"Òkú kì í kàwé," ló fi dá mi lóhùn.

Ó mú ìwé ìdánwò, ó kọ "Kò yege" gàdàgbà, ó sì gba káàdì olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Constant kà á, ó tún un kà. Ó kúnlẹ̀ sínú omi díẹ̀ tó dúró nínú ọkọ̀. "Ìwọ" ti di "ẹ̀yin."

"Ẹ jọ̀wọ́, Madame. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Kí ni kí n sọ fún àwọn ará ilé mi?"

Jẹ̀mílátù bu omi tútù sínú ife, ó gbé e fún un. Ó dúró kí ó mu ún tán.

"Ẹ sọ fún wọn pé àmúwá Ọlọ́run ni."