Ilé Wa Kò Sanwó Ọsibítù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, láti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni mo ti ń fi í pa mọ́, ṣùgbọ́n n kò lè mú un mọ́ra mọ́: mo ti lóyún! Ó ń ṣe mí bíi pé kí n fò!

Pẹ̀lú ayọ̀ yìí ni mo dé ọsibítù ìlú wa láàárọ̀ yìí. Àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìgbẹ̀bí.

"Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí dà?"

"Ó ti lọ. Owó tí ìlú ní kí ilé kọ̀ọ̀kan máa san fún ọsibítù la fi ń sanwó oṣù rẹ̀. Ẹ ò san án mọ́. Ilé ta lẹ̀ ń gbé, ìyàwó?"

Mo dárúkọ ilé ẹbí ọkọ mi. Ó wo ikùn mi, ó ní ilé wa náà wà lára àwọn tí kò san.

Mo sáré délé lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ẹni tó kọ́lé yìí ló wà nínú sàréè ní pálọ̀ yẹn. Kí wọ́n lọ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. Ohun tí gbogbo ilé ẹbí ìlú yìí ń sọ nìyẹn: onílé ti kú. Bí ìrọbí bá mú mi lójijì, ṣé orí ọ̀kadà ni kí n bímọ sí lójú ọ̀nà ọsibítù Ọ̀wọ̀?

Ẹ dá mi lóhùn, ṣé òkú ló fẹ́ bímọ ni, àbí èmi? Ọkọ mi ti pe ìpàdé lórí owó ọsibítù yìí. Gbogbo ọmọ ilé wa, Sátidé tó ń bọ̀ yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹ ti dé.