Ọjọ́ Tí Ìyá Oníbúrẹ́dì Wo Ìsàlẹ̀ Òkun

Ẹnu ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí òun àti ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì jọ ń wọ òkun ṣiṣẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí. Ó wọ mọ́tò láti etí òkun wá sí Sókótó, ó lo ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà, ó há báàgì aṣọ kan sí abíyá, ó sì ń béèrè wẹ́dà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń jó irin ní Sama Road. Èmi nìyẹn. Mo fún un lómi, ó mu ún tán kó tó lè lanu. Ó ní ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì sọ̀ kalẹ̀ lọ wo páìpù kan lábẹ́ òkun. Okùn tí wọ́n so mọ́ ọn padà gòkè. Òun kò padà. Wọ́n wá a fún ọjọ́ márùn-ún. Òkun ò dá a padà.

“Bàbá, mi ò lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀,” ló wí. “Ẹ̀yin àgbà ni kí ẹ bá mi sọ ọ́.”

Bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Láàárín wa, a kì í ṣàdédé ju irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu abiyamọ. Àgbà mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá la lọ bá ìyá náà ní àdúgbò Kasarawa láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó kó búrẹ́dì jáde nínú ààrò. Wọ́n ní èmi ni kí n sọ̀rọ̀, torí èmi ló sún mọ́ ọn jù. Ó rí wa lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti mọ̀. Ta ni yóò rí àgbà mẹ́ta láàárọ̀ kùtùkùtù tí kò ní mọ̀? Ó jókòó sórí àpò fúláwà, ó ké, ó ké. Nígbà tó ṣe, ó gbójú sókè sí mi.

“Wẹ́dà, ṣé ilẹ̀ gbà á?”

Ọmọ Ìlọrin ni ìyá. Ohun tó ń béèrè ni pé ṣé wọ́n wẹ̀ ẹ́, ṣé wọ́n kírun sí i lára, ṣé wọ́n tẹ́ ẹ sínú erùpẹ̀ bó ti yẹ Mùsùlùmí.

Àwọn baba wa ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Mo ti mọ òwe yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló tó di ẹrù sí mi lọ́rùn. Bí mo bá sọ òótọ́, ìyá ọmọ tó nù ni mo sọ ọ́ dà, yóò sì máa wo ojú ọ̀nà títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Ilẹ̀ gbà á, ìyá. Wọ́n kírun sí i lára. Ìlú kan létí òkun ni wọ́n sin ín sí.”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí a jọ lọ wúkọ́.

Mo mọ ohun tí mo gbọ́kàn lé. Àṣà wa ni pé òbí kì í rí ibojì ọmọ. Kò ní béèrè pé níbo. Kò ní sọ pé ẹ mú mi lọ. Àṣà ló bá mi tìlẹ̀kùn mọ́ irọ́ yẹn, ó sì tì í fún ọdún mẹ́jọ gbáko.

Àfi ìgbà tí àwọn òmùwẹ̀ dé. Ọkọ̀ ojú omi a máa dojú dé nílẹ̀ yìí nígbà òjò, torí náà ni wọ́n ṣe wá pàtẹ irinṣẹ́ wọn sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan, kí àwọn ọ̀dọ́ lè wá mọ bí a ṣe ń wọ abẹ́ omi yọ èèyàn. Irin tí wọ́n ń to sílíńdà afẹ́fẹ́ wọn sí dá lójú ọ̀nà, wọ́n gbé e wá kí n jó o. Ẹnu ẹ̀ ni mo wà tí ìyá fi gbé búrẹ́dì mi dé, bó ti ń gbé e dé láràárọ̀. Ó rí sílíńdà kan nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ọmọ lórí.

“Irú èyí lọmọ mi pọ̀n nínú fọ́tò.”

Mo fa dígí dúdú bojú.

Agùnbánirọ̀ kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin Ọ̀yọ́ ẹlẹ́nu dídùn, dáhùn ní tirẹ̀: “Mọ́mì, ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé o. A ó fi fíìmù hàn. Ẹ ó rí ìsàlẹ̀ òkun bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀.”

“Èmi? Kí n wo òkun?”

“Lórí àga ni, Mọ́mì. Kò ní ta sí yín lára.”

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa palẹ̀ mọ́, èmi ni n óò mú òun lọ.

Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n pọn omi kún ọpọ́n rọ́bà ńlá kan sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ Yunifásítì ń ki orí bọ̀ ọ́. Ọkùnrin Hausa kan tó ń fi bárò ta omi dúró, ó mi orí: “Kai! Àwa ń wá omi tí a ó mu, ẹ̀yin ń wá omi tí ẹ ó kó sí!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá gbé bàtà rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́ yẹ̀ wò, ó ní ṣé pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ni.

Nígbà tí wọ́n fi aṣọ bo fèrèsé, ògiri di búlúù. Ìyá gbá ọwọ́ mi mú. Mi ò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láyé mi: igbó ni, ṣùgbọ́n abẹ́ omi ló wà, ó pupa, ó yẹ́lò, ó rí bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Agùnbánirọ̀ náà wà lẹ́yìn wa, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí wa létí.

“Iyùn nìyẹn, Mọ́mì. Ohun ẹlẹ́mìí ni.”

“Èyí tí à ń fi sọ́rùn? Ó ní ẹ̀mí?”

“Ó ní in.”

“A mà ti ń fi òkú sọ́rùn tipẹ́.”

Nígbà tó yá, wọ́n fi ibòmíràn hàn wá tí gbogbo rẹ̀ funfun báláú. Omi ti gbóná jù, iyùn ń kú, ẹja ti ṣí lọ. Èmi ò lè wò ó tààrà. Gbogbo ibi tó funfun, egungun ni mo rí. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú omi kan jáde, ọkọ̀ tó rì látọjọ́ pípẹ́, iyùn àti ewéko ti hù bo irin rẹ̀ látòkè délẹ̀.

“Wò ó, Wẹ́dà,” ló wí. “Òkun ò jẹ́ kí ohun tó gbà wà ní ìhòòhò.”

Omijé bọ́ lójú mi nínú òkùnkùn. Ẹnu mi yún mi láti sọ ọ́ níbẹ̀, kí n ní, ìyá, ibẹ̀ ló wà, ó ti bò ó. Mo gbé e mì.

Nígbà tí a jáde síta, lábẹ́ igi dongoyárò, ìyá ya píọ̀ wọ́tà, ó mu ún, ó nu ẹnu.

“Ẹ̀rù òkun ni kò jẹ́ kí n béèrè tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ti àṣà. Mo rò pé ibi burúkú ni. Mo ti wá rí i báyìí. Mú mi lọ síbi tí wọ́n sin ọmọ mi sí.”

“Ìyá, àṣà ní…”

“Àwọn tó ní kí òbí má rí ibojì ọmọ, ṣé àwọn ló lóyún rẹ̀?”

“Ọ̀nà jìn. Ọ̀nà ò dáa lásìkò yìí.”

“Mi ò bi ọ́ léèrè ọ̀nà.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n jó ọgbà irin kékeré kan, tí ewúrẹ́ ò fi ní máa tẹ orí ibojì náà mọ́lẹ̀. Ó fi ìṣísẹ̀ rẹ̀ wọn gígùn rẹ̀ lórí ilẹ̀ fún mi. Ó mọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ga tó. Kí ni n bá ṣe? Mo gé irin. Mo jó o. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń jó irin, mi ò jó èyí tó gún bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn ò sọ ohun tí ẹni tó pa irọ́ náà yóò máa ṣe kí ọjọ́ náà tó pé. Ìyá ti fi ààrò sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń wá fi ìka kan irin náà wò bóyá ọ̀dà ti gbẹ, tí mo sì ń sọ fún un pé ó kù díẹ̀. Ó ti gbẹ láti ìjẹta.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, bó bá jẹ́ ìwọ ló ń bọ̀ wá bá lọ́la, kí ni wàá sọ fún un?