Igi Dúdú tó Jáde nínú Kànga Wa

Òórùn ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kì í ṣe òórùn burúkú o! Ó dà bíi ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí ewé jíjẹrà wà nínú ẹ̀. Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Ọkùnrin tó ń gbẹ́ kànga fún wa n'Ísọlọ̀ dúró, ẹrọ̀fọ̀ bò ó dé irun. Ìtì igi ló fà jáde nísàlẹ̀ kànga! Dúdú kirikiri! Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó rì wọlé bíi pé iṣu sísè ni.

Ẹ rántí ìgbà yẹn, tówó epo rọ̀bì dé, tí gbogbo Òṣòdì dé Ìsọlọ̀ ń kọ́lé bíi pé ilẹ̀ fẹ́ tán. Káfíńtà ni bàbá mi, iṣẹ́ ò jẹ́ kó sinmi. Èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yege láti wọ sẹ́kọ́ńdírì, a máa gbé nínú ọgbà iléèwé, mo nílò àpótí. Àpótí páànù ni gbogbo ọmọ ń rà. Bàbá mi wo igi yẹn, ó wò mí, ó ní, "Yétúndé, ìyá mi, irú àpótí tí màá kàn fún ẹ, ọ̀gá iléèwé gan-an á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó!" Ṣé mo tún lè dákẹ́? Gbogbo àdúgbò ni mo lọ sọ fún!

Ó la ìdajì igi náà sí pátákó, ó sá a sóòrùn bó ṣe máa ń ṣe. Ọjọ́ kẹta, ó ń là, ká! ká! Ó súnkì, ó hunjọ bí awọ gbígbẹ. Mo sunkún débi pé mi ò lè jẹun. Ìdajì tí bàbá mi fi sílẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga nìkan ló kù.

Àǹtí Fúnkẹ́, ọmọ Èkìtì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, ló gbọ́ ẹkún mi. "Bàbá Yétúndé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá ìyẹn sóòrùn."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ ti wá di káfíńtà?"

"Rárá o, sà. Nǹkan kan wà nínú igi tó dà bí okùn, òun ló ń fún un lágbára. Òmíì dà bíi gọ́ọ̀mù, òun ló lẹ okùn yẹn pọ̀. Igi yìí ti pẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Afẹ́fẹ́ ò débẹ̀, ni ò ṣe jẹrà tán. Àmọ́ okùn ẹ̀ ti ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, gọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí, omi ló wá gbapò okùn. Tẹ́ ẹ bá lé omi yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa wó lé ara ẹ̀ ni. Ibòòji ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kẹ́ ẹ fi àpò tútù wé e, kó máa gbẹ díẹ̀díẹ̀."

"Ẹ gbọ́ tiẹ̀ o," ìyá mi ké láti ibi àdògán, "tàbí ẹ fẹ́ kọ́mọ fi báàgì ìrẹsì lọ síléèwé?"

Bàbá mi fọwọ́ tẹ igi, omi sun jáde. Ó wá gbé e lọ sábẹ́ ibòòji, ó fi àpò tútù wé e. Láràárọ̀ ni mò ń wọ́n omi sí àpò yẹn, tí mò ń dín omi kù bí Àǹtí ṣe wí, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tá a tú u, ó súnkì díẹ̀, ó tẹ̀ díẹ̀, àmọ́ àárín ẹ̀ ò là! Kò tó àpótí odidi o, ìdérí ló tó. Igi lásán ni bàbá mi fi kan yòókù. Ah, ẹ ò rí bí àwọn ọmọ yàrá wa níléèwé ṣe ń tò láti fọwọ́ kàn án!

Nígbà yẹn, mo rò pé àpótí yẹn ni ayọ̀ mi. Mo ti dàgbà tó Àǹtí Fúnkẹ́ ìgbà náà báyìí, èmi náà ń ṣiṣẹ́. Tí ẹni tí mo dàgbà jù bá sọ níbi iṣẹ́ pé mo ṣe àṣìṣe kan, inú á kọ́kọ́ bí mi. Bàbá mi ti kan igi fún ogún ọdún, ó sì gba ọ̀rọ̀ ọmọge níwájú ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀. Mi ò tíì lè ṣe bíi tiẹ̀. Àmọ́ mò ń kọ́ ọ, inú mi sì ń dùn!