Kànga Bádéjọ Tó Ń Sinmi

Ohun tí gbogbo Ìbàfò fi ń rántí Bádéjọ agbẹ́kànga ni ọjọ́ tó bèèrè ipò kìíní nínú ìdánwò tí kò ní ipò.

Ọmọbìnrin kan, Dáraolúwa, ló wá láti yunifásítì. Ó ń ṣe ìwádìí nípa àwọn tó ka ara wọn sí jù. Kó tó sọ ohun tó ń wá tán, wọ́n ti nawọ́ sí ilé Bádéjọ fún un.

Ìbéèrè méjìlélógún ló wà nínú ìwé rẹ̀. Ó jókòó síwájú Bádéjọ, ó ń kà, ó ń kọ.

"Bàbá, ṣé ẹ máa ń rò pé ẹ dára ju àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lọ?"

"Mi ò rò ó. Mo mọ̀ ọ́n ni."

Nígbà tí wọ́n dé ìbéèrè kọkànlá, aládùúgbò mẹ́fà ti gbé àga wá. Dáraolúwa ní ó tó fún òní, òun á wá parí ìyókù lọ́la. Bádéjọ bèèrè iye máàkì tí òun gbà. Ọmọ náà ní kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yege tàbí kùnà nínú rẹ̀. Bádéjọ ní irọ́ ni, kò sí ìdánwò tí kò ní ipò.

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ṣe ipò kìíní. Ẹni tó bá ṣe ipò kejì, kó wá kí mi."

Kànga mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún ló gbẹ́, láti Mọ́wé títí dé Owódé Ẹ̀gbá. Ó ń kà wọ́n. Bó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, á yà wọlé láti gba ọpẹ́. Ní Owódé, ó bá baálé ilé kan tó ń fọ mọ́tò. Ó ní omi òun ni ọkùnrin náà fi ń fọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà ní rárá, omi tánkà tí òun rà ni. Bádéjọ ní kó lọ bi dẹ́rẹ́bà tánkà náà léèrè ibi tó ti fa omi.

Ṣùgbọ́n kànga kan wà tí kì í kà mọ́ wọn. Ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ ló wà. Ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógójì. Kò sí omi níbẹ̀. Bádéjọ fi páànù dé e, ó fi àgádágodo tì í.

"Kò gbẹ," ló máa ń wí. "Ó ń sinmi ni."

Ó sinmi fún ọdún méje. Ìyàwó rẹ̀, Àjíbíkẹ́, ń lọ pọnmi nílé Sàlísù, ilé kẹta sí tiwọn. Máyọ̀kún ló gbẹ́ kànga Sàlísù. Bádéjọ ló kọ́ Máyọ̀kún níṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní adìyẹ mọ ilẹ̀ gbẹ́ jù ú lọ.

Ohun kan wà tí ará ìta kò mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi kànga yẹn rẹ́rìn-ín, Bádéjọ á wọ yàrá, á dojú kọ ògiri fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò ní jẹun, kò ní dá ìkíni lóhùn. Ní ọjọ́ kẹrin á jáde, á sì fọ́nnu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àjíbíkẹ́ nìkan ló ń rí ìhà méjèèjì.

Orúnkún Àjíbíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó ní kí ọkọ òun sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kànga náà gbẹ, kí wọ́n pe Máyọ̀kún kó gbẹ́ òmíràn. Bádéjọ ní ó ń sinmi. Àjíbíkẹ́ di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé Fẹ̀hìntọlá ọmọ wọn lọ ní Akute.

"Bó bá sinmi tán," ló wí lẹ́nu ọ̀nà, "kí ẹ ránṣẹ́ pè mí."

Ó ti lo oṣù mọ́kànlá níbẹ̀ nígbà tí Dáraolúwa dé. Gbogbo àdúgbò ló gbà pé kò ní padà mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Dáraolúwa ka ìbéèrè kejìlá.

"Bí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín, ṣé ó máa ń pẹ́ lára yín?"

"Fo ìyẹn."

"Ṣé ẹ máa ń sá fún èèyàn kí wọ́n má baà rí ibi tí ẹ kù sí?"

"Fo ìyẹn náà."

Wọ́n fo mẹ́jọ. Dáraolúwa pa ìwé dé. Ó ní àwọn olùkọ́ òun sọ pé oríṣi méjì ni àwọn tó ka ara wọn sí jù. Ọ̀kan ń pariwo ara rẹ̀ níta. Èkejì ń fi tirẹ̀ pamọ́ sínú, ọ̀rọ̀ kékeré sì ń gún un bí abẹ́rẹ́. Nígbà mìíràn, inú ẹnìkan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń gbé, ará ilé ló sì máa ń jìyà rẹ̀.

Bádéjọ dìde lórí àga.

"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ kànga mi fún ọ?"

Ọmọ náà kò mọ kànga kankan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Bádéjọ dé fìlà, ó lọ sí Akute. Fẹ̀hìntọlá gbé omi fún un. Ó wo ife náà, kò mu ún. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Fẹ̀hìntọlá, kànga wa gbẹ."

Ó ti tó oṣù mọ́kànlá tí Àjíbíkẹ́ ti ń tọ́jú ẹ̀rín de ọjọ́ yìí. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, kò rẹ́rìn-ín.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ẹ mu omi yín."

Bádéjọ mu omi náà tán, ó sì bèèrè òmíràn. Àjíbíkẹ́ ti wọ yàrá lọ di ẹrù.

Máyọ̀kún gbẹ́ òmíràn sẹ́yìnkùlé wọn, ó kan omi ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bádéjọ dúró tì í láti òwúrọ̀ títí iṣẹ́ fi parí, ó ń pe ẹni tó ń kọjá kó wá wo ọwọ́ tí òun kọ́. Láti ọjọ́ náà, ó kà á mọ́ tirẹ̀, kànga rẹ̀ di mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún.

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n tún jọ lò. Bádéjọ kú lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tó wẹ̀ tán, lórí ibùsùn rẹ̀.

Dáraolúwa padà wá pẹ̀lú ìwádìí rẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀. Kò mọ̀ pé Bàbá ti lọ. Ó ṣàlàyé fún Àjíbíkẹ́ pé kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, nọ́ńbà nìkan. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ni Bàbá.

"Orí ló yọ yín tí kò sí nílé," ni Àjíbíkẹ́ wí. "Ẹ̀ bá tún un tẹ̀ kó lè di nọ́ńbà kìíní."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àjíbíkẹ́ fa omi tútù fún àlejò rẹ̀ nínú kànga Máyọ̀kún. Bí Dáraolúwa ṣe ń mu ún, ó rí páànù tí wọ́n fi àgádágodo tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó bèèrè bóyá èyí ni kànga tí Bàbá bi òun léèrè lọ́jọ́ náà, àti bóyá ó gbẹ ni.

Àjíbíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku orí páànù náà.

"Kò gbẹ, ọmọ mi," ló wí. "Ó ń sinmi ni."